ÒÒFÀ Ọ̀NÀ-KAN: ÌṢE ÒÒFÀ NÍNÚ ÀSÍNPỌ̀ MÓLÉKÙ, ÀTI ÀWỌN Ọ̀RỌ̀ ÌPERÍ FÚN KÍKỌ́NI RẸ̀

1. Ìfáàrà

Ohun méjì ni àpilẹ̀kọ yìí dá lé. Èkíní ni láti ṣàlàyé, ní èdè Yorùbá, bí àwọn ohun kan tí a fi mólékù ṣe, tí àwọn átọ̀mù inú wọn tò tẹ̀lé ara wọn lórí ìlà kan ṣoṣo, ṣe ń hùwà bí òòfà. Èkejì ni láti dábàá àwọn ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ lè lò fún iṣẹ́ náà. Ìdí tí a fi so méjèèjì pọ̀ ni pé ọ̀rọ̀ tí a bá kọ́kọ́ fi lé akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ ni yóò pinnu ohun tí yóò máa wá nínú ohun tí a bá fi hàn án. Bí ọ̀rọ̀ bá ṣì í lọ́nà, ojú rẹ̀ lè rí òtítọ́ kí ó má sì mọ̀ ọ́n.

Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ ni a fi ṣe ibùdó àlàyé wa. Iṣẹ́ ọ̀rọ̀ kì í ṣe àjèjì ní àwọn ìlú méjèèjì. Ní 1855 ni T. J. Bowen, míṣọ́nnárì ìjọ Onítẹ̀bọmi, dá ibùdó sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ní 1858 sì ni wọ́n tẹ gírámà àti ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá tí ó kọ jáde ní Washington. Ní Ọ̀yọ́, ní 1896, ni Kọ́lẹ́ẹ̀jì St. Andrew's bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́ àwọn olùkọ́ dàgbà. Yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tí ó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ lónìí, 1990 ni a dá a sílẹ̀. Ní 1991 ni a sì fi orúkọ Ládòkè Akíntọ́lá, ọmọ ìlú náà, pè é. Ṣùgbọ́n nígbà tí Bowen ń kó ọ̀rọ̀ jọ, kò sí ẹni tí ó tíì mọ ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ní ibikíbi ní ayé. Ọdún 1897 ni J. J. Thomson tó fi í hàn. Nítorí náà, kò sí bí a ṣe lè retí pé kí ìwé àwọn àgbà wọ̀nyẹn fún wa ní àwọn ọ̀rọ̀ tí a ń wá. Àwa ni iṣẹ́ náà kù sí lọ́wọ́. Pé ó ṣeé ṣe kò tún sí lábẹ́ àríyànjiyàn mọ́ láti ìgbà tí iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá darí ní Ilé-Ifẹ̀, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1970, ti fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọdé ní sáyẹ́ǹsì.

2. Ọ̀rọ̀ náà òòfà, àti ìdíwọ́ tí ó wà nínú rẹ̀

Láti ara ọ̀rọ̀-ìṣe fà ni a ti ṣẹ̀dá òòfà. Iṣẹ́ tí ojú rí ni a fi sọ ọ́ lórúkọ: ohun tí ń fa irin mọ́ra. Ọ̀rọ̀ náà dára, ó sì ti mọ́ gbogbo wa lẹ́nu. Ìṣòro rẹ̀ ni pé, nínú àwọn ohun tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí yìí, fífà ni ó kéré jù. Bí a bá fi ègé kan lára wọn sí ẹ̀gbẹ́ ìṣó, ìṣó náà kò ní mira. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a ti kọ́ pé ohun tí ń fa irin ni òòfà yóò sọ pé a ti purọ́ fún òun.

Ẹ jẹ́ kí a wo ilé àgbẹ̀dẹ. Àwọn baba wa ní agbègbè Ọ̀yọ́ kì í ṣe alágbẹ̀dẹ nìkan. Wọ́n ń yọ́ irin láti inú òkúta rẹ̀ pẹ̀lú. Ní 1904 ni C. V. Bellamy tẹ àkọsílẹ̀ jáde lórí ilé ìyọ́rin kan tí ó rí ní abúlé kan nítòsí Ọ̀yọ́, èyí tí ó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Ola-Igbi. Bí a bá mú irin tí ó tutù, òòfà yóò fà á. Bí ẹwìrì bá ti fẹ́ iná sí i títí tí ìgbóná rẹ̀ fi kọjá 770 °C, òòfà kan náà kò ní rí i fà mọ́. Irin náà kò dín, kò sì yí padà di ohun mìíràn. Ètò tí ó wà nínú rẹ̀ ni ìgbóná tú ká. Bí ó bá tún tutù, ètò náà yóò padà.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà níhìn-ín ni pé fífà jẹ́ èso. Ètò inú ni gbòǹgbò. Nítorí náà a kò dábàá pé kí a jù òòfà nù. Ohun tí a dábàá ni pé kí a fẹ ìtumọ̀ rẹ̀ lójú báyìí: òòfà ni ohun tí àwọn ìpòyì inú rẹ̀ kọjú sí ìhà kan, tí ó sì ń rántí ìhà náà lẹ́yìn tí a bá ti mú ohun tí ó darí wọn kúrò. Ìrántí ni kókó. Ohun tí àwọn ìpòyì inú rẹ̀ ń tẹ̀ lé àṣẹ nígbà tí pápá òòfà wà nítòsí, tí wọ́n sì ń tú ká bí pápá náà bá ti lọ, òòfà àyálò ni a ó máa pè é, gẹ́gẹ́ bí àwọn onímọ̀ èdè ti ń sọ pé ọ̀rọ̀ àyálò. Agbára tí ó ní kì í ṣe tirẹ̀. Ó yá a lò ni.

3. Ìpòyì, àti bí àwọn ìpòyì ṣe ń bá ara wọn gbé

Ìpòyì ni a fi pe ìwà òòfà tí a bí mọ́ ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan. Kí òǹkàwé má ṣe rò pé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ń pòyì bí òkòtó tí ọmọdé ta sílẹ̀. Àfiwé lásán ni orúkọ náà. Nígbà tí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì bá so pọ̀, ìpòyì èkíní a pa ti èkejì rẹ́. Àwọn tí kò ní ẹnì kejì nìkan ni agbára wọn ń hàn. Átọ̀mù bàbà tí ó ti pàdánù ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì ní ẹyọ kan tí kò ní ẹnì kejì; ti manganese tí ó wà ní irú ipò bẹ́ẹ̀ ní márùn-ún.

Nínú irin alágbẹ̀dẹ, àwọn átọ̀mù há mọ́ ara wọn níhà gbogbo. Nínú òòfà oní-mólékù, átọ̀mù mẹ́táàlì dà bí ìlẹ̀kẹ̀, àwọn mólékù mìíràn, tí wọ́n jẹ́ ti kábọ́ọ̀nù, nitrogen tàbí oxygen, ni wọ́n sì dà bí okùn tí a fi sín wọn. Onímọ̀ kẹ́mísírì ni ó ń yan ìlẹ̀kẹ̀, òun náà ni ó ń yan okùn. Bí ó bá sín wọn sórí okùn kan, a ní ọ̀nà-kan. Bí ó bá hun wọ́n bí àwọn ahunṣọ Ọ̀yọ́ àti Ìsẹ́yìn ṣe ń hun òfì, tí ìta àti ìhun fi ń kọjá lára wọn, a ní ọ̀nà-méjì. Bí ó bá tò wọ́n lérí ara wọn pẹ̀lú, a ní ọ̀nà-mẹ́ta.

Ọ̀nà mẹ́ta pàtàkì ni ìlẹ̀kẹ̀ méjì tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lè gbà bára gbé.

(a) Ìkọjúsíbìkan: àwọn méjèèjì kọjú sí ìhà kan náà, agbára wọn sì pa pọ̀.

(b) Ìkẹ̀yìnsíra: èkíní kẹ̀yìn sí èkejì, agbára wọn dọ́gba, kò sì sí ohun tí ó ṣẹ́kù.

(d) Ìkẹ̀yìnsíra aláìdọ́gba: wọ́n kẹ̀yìn síra, ṣùgbọ́n ọ̀kan tóbi ju èkejì lọ, nítorí náà ìyókù wà.

Olivier Kahn àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé lo ọ̀nà kẹta yìí ní 1988. Wọ́n sín manganese àti bàbà tẹ̀lé ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Manganese ní márùn-ún, bàbà ní ọ̀kan. Bí wọ́n tilẹ̀ kẹ̀yìn síra, mẹ́rin ṣẹ́kù lórí méjì-méjì. Àpapọ̀ àwọn àsínpọ̀ náà di òòfà ní 4.6 K. Ìwọ̀n Kelvin ni K yìí. Òdo rẹ̀ ni òtútù tí òmíràn kò lè jù lọ, −273 °C. Ibi tí ooru ojúmọmọ wa wà sì jẹ́ nǹkan bí 300 K.

4. Ìdí tí ọ̀nà kan ṣoṣo kò fi tó

Ẹ kíyè sí i pé a sọ pé àpapọ̀ àwọn àsínpọ̀ náà ni ó di òòfà. Àwọn okùn wọn sún mọ́ ara wọn tó láti ran ara wọn lọ́wọ́. Ìbéèrè tí ó wá kù ni èyí: bí okùn kan bá dá wà, ṣé òun nìkan lè jẹ́ òòfà?

Ernst Ising ni ó kọ́kọ́ ṣírò rẹ̀ délẹ̀, nínú iṣẹ́ tí ó tẹ̀ jáde ní Jámánì ní 1925. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé kò lè ṣeé ṣe, àfi ní òdo Kelvin gan-an, ibi tí ẹnikẹ́ni kò lè dé. Ìṣirò náà kò ní àléébù, kò sì sí ẹni tí ó tíì yí i padà.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀nà tí ó ti Ọ̀yọ́ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní òun nìkan ni ọ̀nà tí ó so ìlú méjèèjì pọ̀. Bí afárá kan ṣoṣo bá já lórí rẹ̀, ìhà ti Ọ̀yọ́ àti ìhà ti Ògbómọ̀ṣọ́ ti pínyà nìyẹn. Ìnáwó jíjá kan kò yàtọ̀, ibi yòówù kí ó ti já. Ṣùgbọ́n bí ọ̀nà bá ṣe gùn tó ni ibi tí ó ti lè já ṣe pọ̀ tó. Ní ìgboro Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀ràn kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá dí òpópónà kan, a ó gba òmíràn. Kí a tó lè pín ìgboro sí méjì, a ní láti dí gbogbo ọ̀nà láti ìpẹ̀kun kan dé ìpẹ̀kun kejì, bí ìgboro bá sì ṣe tóbi tó ni ìnáwó náà yóò ṣe pọ̀ tó. Ìdí nìyí tí ọ̀nà-méjì fi lè di òòfà tòótọ́, gẹ́gẹ́ bí Lars Onsager ti fi ìṣirò fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 1944, tí ọ̀nà-kan kò sì lè di bẹ́ẹ̀.

Nínú àsínpọ̀, jíjá túmọ̀ sí ibi tí ìlẹ̀kẹ̀ kan ti kọjú sí òkè tí èyí tí ó tẹ̀ lé e sì kọjú sí ilẹ̀, nígbà tí ó yẹ kí wọ́n fẹnu kò. Bí ìnáwó jíjá kan bá jẹ́ ìlọ́po márùn-ún ìgbóná tí ó wà, ìlẹ̀kẹ̀ bí 150 ni yóò wà láàárín jíjá kan àti òmíràn. Bí ó bá jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá, ìlẹ̀kẹ̀ bí 22,000. Bí òtútù ṣe ń pọ̀ sí i ni ibi tí ètò wà ń gùn sí i, ṣùgbọ́n kì í gùn dé àìnípẹ̀kun.

Ẹ̀rí èyí wà nínú ohun gidi. Nínú àsínpọ̀ bàbà kan tí a fi chlorine àti pyridine sín, àwọn ìpòyì ń kẹ̀yìn síra. Ní nǹkan bí 17 K ni ìjẹ́pè òòfà rẹ̀, èyíinì ni bí ó ti ń dá pápá òòfà lóhùn sí, dé góńgó tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Ìyẹn fi hàn pé àwọn ìlẹ̀kẹ̀ orí okùn ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Síbẹ̀ ètò tí ó kárí kò dé títí ó fi di nǹkan bí 1.1 K, nígbà tí okùn kan wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohùn okùn kejì.

5. Àsínpọ̀ tí kò tètè gbàgbé

Bí ó bá jẹ́ pé òótọ́ ni Ising sọ, báwo ni a ṣe wá ń sọ̀rọ̀ òòfà ọ̀nà-kan? Ìdáhùn wà nínú ìyàtọ̀ láàárín àìgbàgbé láéláé àti àìtètè gbàgbé. Ìṣirò Ising sọ ibi tí nǹkan ń lọ. Kò sọ iye àkókò tí yóò gbà kí ó tó débẹ̀.

Roy Glauber ni ó ṣe ìṣirò àkókò náà ní 1963. Kí ìlẹ̀kẹ̀ kan tó lè yí padà láàárín okùn, ó ní láti tako èyí tí ó wà lọ́tùn-ún àti èyí tí ó wà lósì. Ìnáwó jíjá méjì ni. Lẹ́yìn ìyẹn, jíjá náà lè máa rìn lọ láìsan owó kankan mọ́. Bí ìlẹ̀kẹ̀ náà bá wà ní ìpẹ̀kun okùn, ìnáwó jíjá kan péré ni. Nítorí náà, bí òtútù ti ń pọ̀, àsìkò ìgbàgbé ń gùn ní ìlọ́po-ìlọ́po.

Fún ọdún méjìdínlógójì ni ọ̀rọ̀ yìí fi wà lórí ìwé. Ní 2001 ni àwọn onímọ̀ kan ní Florence, ní Ítálì, tí Andrea Caneschi, Dante Gatteschi àti Roberta Sessoli wà lára wọn, kéde àsínpọ̀ kan tí ó hu ìwà náà. Átọ̀mù cobalt àti mólékù kan tí ó ní ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tí kò ní ẹnì kejì ni a sín tẹ̀lé ara wọn. Òfin tí wọ́n rí ni pé:

àsìkò ìgbàgbé = τ₀ × e^(Δ/T)

níbi tí T jẹ́ ìgbóná ní ìwọ̀n Kelvin, tí Δ, gíga ìdènà, jẹ́ 154 K, tí τ₀ sì jẹ́ nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú bílíọ̀nù lọ́nà ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá, èyíinì ni 3 × 10⁻¹¹. Kí akẹ́kọ̀ọ́ mú pẹ́ńsù, kí ó ṣírò rẹ̀. Ní 10 K, àsínpọ̀ náà yóò gbàgbé láàárín nǹkan bí 0.00015 ìṣẹ́jú-àáyá. Ní 5 K, yóò rántí fún nǹkan bí ìṣẹ́jú méjìlá. Ní 4 K, bí òfin náà bá ṣì dúró, yóò rántí fún nǹkan bí ọjọ́ méjìdínlógún. Ẹ wo bí ìwọ̀n òtútù kan ṣoṣo ti sọ ìṣẹ́jú di ọ̀sẹ̀. Òkúta tí yóò rántí fún ọjọ́ méjìdínlógún, bí kò tilẹ̀ rántí títí láé, ta ni yóò sọ pé kì í ṣe òòfà?

Ní 2002 ni ẹgbẹ́ Rodolphe Clérac, Hitoshi Miyasaka, Masahiro Yamashita àti Claude Coulon tún kéde òmíràn, tí wọ́n fi manganese àti nickel sín. Láti inú iṣẹ́ wọ̀nyí ni a ti mọ ohun mẹ́ta tí òòfà àsínpọ̀ kò gbọ́dọ̀ ṣaláìní. Èkíní, ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ààyò ìhà: kí ó fẹ́ kọjú sí òkè tàbí ilẹ̀ nìkan, kí ó má ṣe fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Èkejì, agbára àwọn ìlẹ̀kẹ̀ kò gbọ́dọ̀ pa ara wọn rẹ́ tán. Ẹ̀kẹta, okùn kan gbọ́dọ̀ jìnnà sí èkejì. Nínú àsínpọ̀ ti Florence, àwọn ègé mólékù ńlá tí fluorine kún inú wọn ni wọ́n yí okùn ká, tí wọ́n sì dènà kí okùn kan má gbọ́ ohùn èkejì.

Ó yẹ kí a fi èyí wé mólékù tí kò tilẹ̀ ní okùn rárá. Mólékù oní-manganese méjìlá tí T. Lis ṣe ní Pólándì ní 1980 ni a rí ní 1993 pé ẹyọ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń rántí ìhà tí a bá kọ ọ́ sí. Ní 2 K, ìrántí náà ń gba oṣù. Ohun tí àsínpọ̀ fi ju ẹyọ mólékù lọ ni pé àwọn aládùúgbò ń fi kún gíga ìdènà. Bí a bá rí ọ̀nà gbé ìdènà yìí ga sí i, mólékù kan tàbí okùn kan yóò lè tọ́jú ìsọfúnni bí ojú ìwé ti ń tọ́jú ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn òòfà àsínpọ̀ tí a mọ̀ ṣì nílò òtútù líle.

6. Ohun tí a lè ṣe nínú yàrá-ìwádìí láìsí òtútù líle

Òtútù 4 K nílò helium tí a sọ di omi, èyí tí ó wọ́n, tí ó sì ṣòro láti tọ́jú. Olùkọ́ ní Ọ̀yọ́ tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ lè rò pé ẹ̀kọ́ yìí kò kan òun. Ó kàn án. Ìbẹ̀rẹ̀ gbogbo àsínpọ̀ ni ìlẹ̀kẹ̀ méjì, a sì lè gbọ́ ohùn ìlẹ̀kẹ̀ méjì nínú ooru ojúmọmọ wa.

Kí a fi ásíìdì tí ó wà nínú ọtí kíkan tu kábọ́néètì bàbà, kí a sì jẹ́ kí omi rẹ̀ gbẹ díẹ̀díẹ̀. Kírísítálì aláwọ̀ búlúù tí ó rújú mọ́ ewéko ni yóò hù, èyíinì ni asítéètì bàbà. Kí a lọ̀ ọ́, kí a dà á sínú ọ̀pá gíláàsì, kí a sì so ó mọ́ òṣùwọ̀n kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ wà láàárín ẹnu òòfà méjì. Ọ̀nà tí a ń pè ní ti Gouy nìyí. Nítorí pé òòfà àyálò ni bàbà yìí, ìwúwo rẹ̀ yóò dà bí ẹni pé ó pọ̀ sí i. Láti inú àlékún náà ni a ti lè ṣírò ìjẹ́pè òòfà, χ, fún bàbà kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà agbára ìpòyì, tí ó jẹ́ 2.83 × √(χT).

Bàbà tí ó dá wà yẹ kí ó fún wa ní 1.73, tàbí kí ó lé díẹ̀. Asítéètì bàbà yóò fún wa ní nǹkan bí 1.4. Níbo ni ìyókù lọ? B. Bleaney àti K. D. Bowers dáhùn ìbéèrè yìí ní Oxford ní 1952: bàbà méjì-méjì ni ó so pọ̀ nínú kírísítálì náà, wọ́n sì ń kẹ̀yìn síra. Ní 1953 ni àwọn tí ń fi X-ray wo kírísítálì rí i pé lóòótọ́ ni wọ́n wà ní méjì-méjì. Àwọn tí wọ́n fi òòfà wọ̀n ọ́n ti mọ̀ kí ojú tó rí i. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá rí 1.4 tí ó sì béèrè ibi tí ìyókù wà ti wọ inú ẹ̀kọ́ yìí.

7. Àwọn ọ̀rọ̀ tí a dábàá

Kí a tó ka àwọn ọ̀rọ̀ náà, ó yẹ kí a sọ ìdí tí a fi kọ àwọn kan sílẹ̀. Ẹ̀wọ̀n ni ó kọ́kọ́ wá sọ́kàn fún ohun tí a so pọ̀ léraléra. Ṣùgbọ́n bí a bá sọ ọ́ di ẹlẹ́wọ̀n, ẹni tí ìjọba tì mọ́lé ni a ti dárúkọ. Ọlọ́nà pẹ̀lú kò yẹ fún ohun tí ó wà lórí ọ̀nà, nítorí pé ní Ọ̀yọ́, ìlú àwọn tí ń fín igbá, oníṣẹ́ ọnà ni ọlọ́nà. Sín, tí a ń lò fún ìlẹ̀kẹ̀, kò ní irú ìdàrúdàpọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì sọ ohun mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan: àwọn ẹyọ, okùn, àti ètò.

Àsínpọ̀ mólékù: àwọn átọ̀mù tàbí mólékù tí a so tẹ̀lé ara wọn lórí ìlà kan.
Ọ̀nà-kan, ọ̀nà-méjì, ọ̀nà-mẹ́ta: iye ìhà tí àwọn ẹyọ fi so mọ́ ara wọn.
Ìpòyì: ìwà òòfà tí a bí mọ́ ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù.
Pápá òòfà: àyíká tí agbára òòfà kan dé.
Ìjẹ́pè òòfà: bí ohun kan ti ń dá pápá òòfà lóhùn tó.
Òòfà àyálò: ohun tí ó jẹ́ òòfà nígbà tí pápá wà nìkan.
Ìkọjúsíbìkan, ìkẹ̀yìnsíra, ìkẹ̀yìnsíra aláìdọ́gba: gẹ́gẹ́ bí a ti ṣàlàyé wọn ní ìpín kẹta.
Ààyò ìhà: ìhà tí ìpòyì fẹ́ kọjú sí ju ìhà yòókù lọ.
Jíjá: ibi tí ètò àsínpọ̀ ti yí padà.
Àsìkò ìgbàgbé: àkókò tí ètò fi ń tú ká lẹ́yìn tí a bá mú pápá kúrò.
Òòfà àsínpọ̀: àsínpọ̀ kan ṣoṣo tí ó ń rántí láìsí ìrànlọ́wọ́ òmíràn.

8. Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé okùn mólékù kan kò lè jẹ́ òòfà títí láé, a sì ti rí i pé ó lè jẹ́ òòfà fún ìwọ̀n àkókò tí ó wúlò. Gbólóhùn méjèèjì kò tako ara wọn. Ẹni tí ó bá fi fífà nìkan túmọ̀ òòfà kò ní rí bí méjèèjì ṣe lè jẹ́ òótọ́. Ẹni tí ó bá fi ìrántí túmọ̀ rẹ̀ yóò béèrè lójú ẹsẹ̀ pé, fún ìgbà wo? Ìbéèrè yẹn gan-an ni Glauber béèrè, òun náà ni ó sì tọ́ àwọn ará Florence sọ́nà. Àwọn ọ̀rọ̀ tí a kó sílẹ̀ lókè yìí kì í ṣe òfin. A fẹ́ kí àwọn olùkọ́ gbé wọn wọ kíláàsì, kí wọ́n fi asítéètì bàbà dán wọn wò, kí wọ́n sì pa èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ̀ tì. Ọ̀rọ̀ tí ó bá jẹ́ kí ọmọ lè béèrè ìbéèrè kejì láìjẹ́ pé a kọ́ ọ ni ó yẹ kí a mú dání.